Ọ̀rá Tó Kù Lábẹ́ Pẹpẹ

“Ọ̀rá tó kù wà lábẹ́ pẹpẹ. Má jẹ́ kó tán.”

Ọ̀rọ̀ tí Briolanja sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò ní ó dìgbóṣe. Kò fi ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó sùn, kò sì jí mọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo ti pẹ́ ní Tavira, ìlú èbúté kan nílẹ̀ Pọtogí, mo mọ àwọn tó bá ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, mo sì ti bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin yẹn kò fẹ́ràn ara wọn débi tí wọ́n á jókòó jọ hun irọ́ kan. Síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi. Èyí tí wọn ò mọ̀, Lopo fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ní kí n má bi òun mọ́.

Lopo Vilarinho ni orúkọ ọkọ náà. Atọ́nà ọkọ̀ ojú omi ni. Òun ló ń sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ ibi tí wọ́n wà lórí òkun nígbà tí ilẹ̀ kò sí lójú. Irin iṣẹ́ tó fọkàn tán jù ni òjé kan, ó wúwo, ó gùn bí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n so ó mọ́ okùn gígùn. Ó máa ń jù ú sómi, okùn á máa tú títí òjé á fi kan ilẹ̀ òkun. Apá ni wọ́n fi ń ka okùn náà, ìyẹn ibi tí ọwọ́ àgbà ọkùnrin gùn dé bó bá na méjèèjì. Okùn ló ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n ihò kan wà nídìí òjé, ọ̀rá ni wọ́n fi ń dí i. Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ òkun á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, á sì bá a gòkè: iyanrìn, ẹrẹ̀, èérún ìkarahun. Lopo á wò ó. Á gbóòórùn rẹ̀. Á fi ahọ́n kàn án. Lẹ́yìn náà á sọ ibi tí ọkọ̀ wà, kì í sì í ṣì í.

Briolanja ló ń se ọ̀rá yẹn. Ọ̀rá àgùntàn ni, àti ìda oyin, àti ewé olóòórùn kan tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn, kí eku má baà jẹ ẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń múra àti lọ, òun ló ń ki ọ̀rá sínú ihò òjé, á wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àpá kan dábùú àtàǹpàkò náà. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣí ìkarahun ló gé e nígbà tó ṣì wà lọ́mọge. Àmì àpá yẹn máa ń wà nínú ọ̀rá bí òǹtẹ̀. Àwọn ará ọkọ̀ máa ń fi Lopo ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, kí òkun má wulẹ̀ bá wọn jà.

Briolanja ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, Mem Raposo. Atọ́nà ọkọ̀ lòun náà, Lopo ló sì kọ́ ọ níṣẹ́.

Nígbà náà, ọba Pọtogí àti ọba Kásítílì nílẹ̀ Sípéènì ń lé ara wọn lórí òkun. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yípo dé ibi tí ata àti òórùn dídùn ti ń wá ni àwọn méjèèjì ń wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé etíkun tuntun á ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ọba rẹ̀. Ìmọ̀ òkun wá di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ju wúrà lọ. Atọ́nà tó bá ta ohun tó mọ̀ fún ọba kejì, okùn ni wọ́n á fi sí i lọ́rùn.

Mem sọdá odò Guadiana, ààlà ilẹ̀ méjèèjì, lọ sí Ayamonte, ó lọ bá àwọn Kásítílì. Kó tó lọ, ó wá bẹ Lopo pé kí àwọn jọ lọ, owó ibẹ̀ dára. Lopo lé e jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síra wọn lọ́jọ́ náà, Briolanja ń gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, ó sì ń sunkún. Nígbà tí ibà pa Briolanja, Mem kò wá síbi ìsìnkú. Lopo mọ̀ pé bó bá wá, wọ́n á so ó kọ́ kí wọ́n tó sin òkú tán. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò dárí jì í.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ní kó wá tọ́ ọkọ̀ kan sí gúúsù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Dọ́ọ̀mù Nuno Taveira ni ọ̀gá ọkọ̀, ọmọ ilé ńlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í pariwo. Òpó òkúta wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fi koríko gbígbẹ wé e bí ẹyin. Ní èbúté, ìròyìn kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: ọkọ̀ Kásítílì kan ti yọ́ jáde ní Ayamonte ṣáájú wọn. Mem Raposo ló ń tọ́ ọ.

Dọ́ọ̀mù Nuno pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Wọ́n ní àna rẹ ni.”

“Àbúrò ìyàwó mi ni, olúwa mi.”

“Ìyàwó rẹ ti kú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó ti kúrò ní àna rẹ nìyẹn.”

Lopo yí padà kúrò níbẹ̀. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ pẹpẹ ilé ìdáná, ó bu ọ̀rá díẹ̀ nínú ìkòkò, ó sì fi ìyókù síbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ki í sínú òjé, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò rí bí ti tẹ́lẹ̀. Ó wo ilẹ̀ ilé ìdáná. Bàbá Briolanja ló tẹ́ ilẹ̀ yẹn, erùpẹ̀ pupa láti orí òkè, tí wọ́n po ìkarahun lílọ̀ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Briolanja máa ń bu eérú àti omi wọ́n ọn, á sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le. Ipa gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lopo ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má wọlé, kó má gbálẹ̀.

Wọ́n lọ. Wọ́n kọjá gbogbo ibi tó ní orúkọ. Ooru tán, òtútù dé. Ilẹ̀ tó wà lápá òsì wọn kò ní igi kan, iyanrìn ni títí lọ. Àwọn ẹran omi tó ń gbó bí ajá kún etí òkun. Omi ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rá inú òjé fi le bí òkúta.

Àárọ̀ ọjọ́ Lúsíà Mímọ́, ẹni tí wọ́n máa ń bẹ fún ojú, ni kùrukùru bò wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán ni. Ó rọra wá láti orí omi, ó funfun, ó nípọn. Wọn ò rí orí òpó ìgbòkun mọ́. Lẹ́yìn náà wọn ò rí iwájú ọkọ̀.

“A bẹ Lúsíà fún ojú,” ni Baba Brás wí nídìí ìtọ́kọ̀, “ó bu wàrà lé wa lójú.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ni Brás, òun ló ń di ìtọ́kọ̀ mú, òun náà ló ń pa ọkọ̀ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rìn jìnnà. Kùrukùru gbé e mì.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà. Àwọn ẹran omi ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n dákẹ́. Omi ń kán láti ara okùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohùn kankan.

Nígbà náà ni ẹnìkan ké níwájú, nínú kùrukùru.

“Ogún apá. Iyanrìn.”

Èdè Kásítílì ni. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Lopo di okùn mú, kò lè mira. Ohùn Mem ni. Bí Mem ṣe máa ń fa òpin ọ̀rọ̀, bí àwọn tó ń kiri ẹja ní Tavira, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Dọ́ọ̀mù Nuno ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn ti lé ọkọ̀ Kásítílì bá. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ di agogo, kí ẹnikẹ́ni má húkọ́, kí Lopo má sì ju òjé rárá, kí àwọn tó wà níwájú má baà gbọ́. Ọgbọ́n tí kò sí atukọ̀ tí kò ní dá ni. Ẹni tó bá ń ju òjé gbọ́dọ̀ dẹ ìrìn. Bí ẹni tó wà níwájú bá ń wọn omi, tó sì ń ké e sókè, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, á máa sáré bọ̀, á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójijì.

“Jẹ́ kó máa bá wa wọn ọ́n,” ni ọ̀gá ọkọ̀ wí.

“Ogún apá. Iyanrìn.”

Wọ́n ń tẹ̀lé ohùn náà. Lopo na etí. Ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọkọ̀. Kò gbọ́ kí pákó dún. Kò gbọ́ kí omi lu ara pákó. Kò gbọ́ kí ìgbòkun gbọ̀n. Ohùn yẹn nìkan ló wà, kò súnmọ́, kò sì jìnnà. Nǹkan mìíràn tún ń dà á láàmú, kò tètè mọ ohun tó jẹ́. Baba Brás ló sọ ọ́ fún un.

“Ọ̀gá Lopo,” ó wí, ètè rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, “ta ló ń dá a lóhùn?”

Nínú gbogbo ọkọ̀, Pọtogí tàbí Kásítílì, bí ẹni tó ju òjé bá ti ké iye, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú gbọ́dọ̀ tún un ké, kí ẹni iwájú lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ohùn Mem ń ké. Kò sí ẹni tó ń tún un ké.

“Ogún apá. Iyanrìn.”

Ó ti pẹ́ tí Brás ti ń dá irú igbe yẹn lóhùn, láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

“Ogún apá, iyanrìn,” ó dáhùn sókè, ketekete.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí i. Wọ́n dúró de igbe ìyàlẹ́nu láti ọkọ̀ kejì, wọ́n dúró de ariwo ohun ìjà.

Ìdákẹ́jẹ́ ló dé. Ó pẹ́.

Nígbà tí ohùn náà tún sọ̀rọ̀, ó ti súnmọ́. Kò ké mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lójúde ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Kì í sì í ṣe èdè Kásítílì. Èdè Tavira ni, èdè ìdí odò.

“Ogún apá, ẹ̀gbọ́n. Iyanrìn ni. Ẹ máa bọ̀.”

Irun ara Lopo dìde. Kò bi ọ̀gá ọkọ̀ léèrè ohunkóhun. Ó mú òjé, ó rọra tẹ̀ ẹ́ bọnú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó má baà dún, ó sì jẹ́ kí okùn tú.

Ó kan ilẹ̀ kíákíá. Apá méje péré.

Ó fà á sókè, ó wo ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ló wà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìkarahun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ilẹ̀ òkun kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi kankan tó mọ̀. Ó gbé e sẹ́nu. Eérú igi ólífì ló tọ́ wò.

Ó nu ìdí òjé, ó tún un jù. Apá méje. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yà ewé kan lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, èyí tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti hóró ọ̀pọ̀tọ́ kéékèèké, irú èyí tó máa ń bọ́ sílẹ̀ nídìí ààrò nígbà tí Briolanja bá ń sá ọ̀pọ̀tọ́. Lopo mọ ilẹ̀ tí òjé rẹ̀ kàn. Ó ti jókòó lórí ilẹ̀ náà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fà á sókè. Ọ̀rá náà mọ́ tónítóní. Kò sí erùpẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó fọwọ́ kàn án. Nínú omi tútù yẹn, ọ̀rá náà lọ́wọ́ọ́rọ́, ó rọ̀. Ẹnìkan ti tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn láàárín. Àpá kan sì dábùú àmì náà.

Lopo dúró síbẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ẹ̀rù bà á. Ó ní rárá. Ó ní ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan fọwọ́ lé òun léjìká nínú ọjà níbi tóun ti sọnù.

Ṣùgbọ́n atọ́nà ọkọ̀ ni. Gbogbo atọ́nà ló mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ọ̀rá bá gòkè ní mímọ́, tó sì tẹ̀ wọnú. Iyanrìn á lẹ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀. Òkúta nìkan ni kì í lẹ̀.

Ó lọ bá Dọ́ọ̀mù Nuno.

“Olúwa mi, ẹ jẹ́ ká ju ìdákọ̀ró. Òkúta ni.”

“Ogún apá ló pè é. Iyanrìn ló pè é.”

“Mo gbọ́ ohun tó pè é.”

“Mo ní kí o má ju òjé.”

“Ẹ ní kí n má jù ú.”

Ohùn náà tún dé, ní ìrọ̀rùn, bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun.

“Lopo. Ẹ máa bọ̀. Iyanrìn ni.”

Ojú ọ̀gá ọkọ̀ yí padà. Ó wá rọra sọ fún Lopo pé ẹni tó ń pè é mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀ yìí. Ó ní Lopo àti Mem ti jọ ṣètò rẹ̀ láti odò Guadiana: kí Pọtogí ju ìdákọ̀ró, kí Kásítílì lọ ri òpó tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun á gbé e dé Lisbọn nínú ẹ̀wọ̀n, okùn ni wọ́n á sì fi dá a lóhùn níbẹ̀.

Lopo mọ̀ pé kì í ṣe ìhalẹ̀ lásán. Wọ́n ti so àwọn mìíràn kọ́ lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò fi í sùn. Bó bá sì dákẹ́, gbogbo ọkọ̀ yìí, àti Brás tó di ìtọ́kọ̀ mú, á lọ kan ohun tó wà nínú kùrukùru yẹn.

“Ẹ dè mí,” ó wí. “Ẹ kọ́kọ́ ju ìdákọ̀ró, kí ẹ wá dè mí.”

Ó na òjé sí i. Dọ́ọ̀mù Nuno wo ìdí rẹ̀. Ó ti ọmọ ìka tirẹ̀ bọ inú àmì náà. Kíá ló yọ ọ́, bí ẹni tó fọwọ́ kan ara ẹni tó ń sùn. Ó wo Lopo. Kò bi í ní nǹkan kan nígbà náà, kò sì tíì bi í títí dòní.

“Ìdákọ̀ró,” ó wí.

Wọ́n jù ú. Wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀. Irin há sáàárín òkúta nísàlẹ̀, ọkọ̀ fà, ó gbọ̀n, ó dúró.

Ohùn náà pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pe orúkọ. Kò pe iye. Ó kàn pè ni, láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń jìnnà lọ títí kò fi sí mọ́.

Ọ̀sán pọ́n kí kùrukùru tó ká. Ó ká láti òkè wá sísàlẹ̀. Níwájú wọn, níbi tí ọmọdé lè sọ òkò dé, àpáta yọ orí lómi, dúdú, ẹlẹ́nu ṣóṣó, wọ́n tò lọ bí eyín. Omi ń wọ àárín wọn, ó ń jáde, kò fọ́, kò pariwo. Ìyẹn ni wọn ò ṣe gbọ́ ọ. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Kò sí pákó tó fọ́, kò sí okùn tó léfòó, kò sí òkú.

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Baba Brás ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún mọ́ ọn, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn, àwọn tó ti bára wọn jà lórí búrẹ́dì gbígbẹ ń di mọ́ra. Dọ́ọ̀mù Nuno fọwọ́ ara rẹ̀ bu wáìnì fún Lopo. Ó bù ú kún dé ẹnu ife, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀wọ̀n.

Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré fa ọkọ̀ ńlá sẹ́yìn, wọ́n gé okùn ìdákọ̀ró sílẹ̀ fún àpáta. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí etíkun kan lẹ́yìn àpáta náà, wọ́n sì ri òpó òkúta mọ́ ọn. Kò sí òpó mìíràn níbẹ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀. Gbogbo ìrìn àjò yẹn, ẹni tí kò jáde nílé ni wọ́n ń bá sáré.

Kò jáde nílé lóòótọ́. Èyí ni wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n dé Tavira. Ọkọ̀ Kásítílì náà kò kúrò ní èbúté Ayamonte rárá.

Lopo kò gbà á gbọ́ títí ó fi rí i. Brás ló ṣètò rẹ̀. Ní àárín odò Guadiana, àwọn apẹja etí odò méjèèjì máa ń pàdé, wọ́n á fi iyọ̀ gba ẹja, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba méjèèjì á sì wo ibòmíràn. Oòrùn ti là dáadáa. Ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ kékeré kejì, ó fi fìlà bo ojú. Ó gbé ojú sókè. Mem ni.

“Mo ti ní o kú,” ni Lopo wí.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Èmi ni mo sọ fún ara mi.”

Mem rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ohùn nínú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, Lopo ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. Ó ní àwọn olówó ọkọ̀ àwọn ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá, òun sì jókòó sí èbúté, òun ń pa eṣinṣin.

“Ohùn rẹ ńkọ́?”

“Ó lọ. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò bá a níbẹ̀. Oníṣègùn ní òtútù ni. Ìyàwó mi ní àdúrà òun ló gbà.”

Lopo rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu bí ó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìsìnkú.

“Ọjọ́ wo?” ó bi í.

“Ọjọ́ Lúsíà Mímọ́. Kò sì tíì padà.”

Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì. Mem ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá bi í, bí èèyàn ṣe ń bi ohun tó ti gbé sínú pẹ́, bóyá Briolanja dárúkọ òun níkẹyìn.

“Ọ̀rá ló dárúkọ,” ni Lopo wí. “Ó ní kí n má jẹ́ kó tán.”

Mem bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí i, omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Òun náà nìyẹn,” ó wí. “Ẹ̀gbọ́n, òun náà nìyẹn.”

Lopo ju àpò iyọ̀ kan sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mem ju ẹja padà, ó pọ̀ ju iyọ̀ lọ. Láti ìgbà náà wọ́n ń pàdé níbẹ̀. Lopo ní bí òun bá ti rí fìlà yẹn lókèèrè, àyà òun máa ń fúyẹ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà dé láti òkun, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Obìnrin náà búra pé òun ò wọlé, pé ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Nínú ilé ìdáná, lórí erùpẹ̀ pupa, níwájú ààrò, àmì roboto mẹ́ta wà. Wọ́n wọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tóbi tó ìdí òjé. Iyọ̀ funfun ti gbẹ yí wọn ká, bí ibi tí omi òkun bá dà sí tó sì gbẹ. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní oorun tóun sùn lóru náà, òun ò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí Briolanja ti kú.

Òjé náà wà lórí tábìlì, nínú aṣọ. Òmíràn ni Lopo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò tíì yọ ọ̀rá inú rẹ̀. Kò tíì gbé e lé ojú àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti wò ó bóyá wọ́n bára mu. Kò tíì gbálẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì sọ fún Dọ́ọ̀mù Nuno àtàǹpàkò ẹni tó fi ìka kàn. Kò tíì sọ fún Mem ibi tóun ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò tíì sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Kò tíì kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọ̀rá, ọ̀rá àgùntàn àti ìda oyin àti ewé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì ń dà á lé èyí tó wà nínú ìkòkò lábẹ́ pẹpẹ.

Kò tíì jẹ́ kó tán.